Ẹ̀rọ Dé, Ètò Kò Dé

Ohun méjì ni ibùdó ìkọ́ni kọ̀ǹpútà máa ń retí: ẹ̀rọ tí ojú ń rí, tí ọwọ́ sì ń bà, àti àkójọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀lé. Bí olùkọ́ bá pe méjèèjì ní 'ẹ̀rọ', akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í mọ èyí tí ó fa ìdádúró.

Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà jẹ́ àpẹẹrẹ. IBM kéde ẹ̀rọ System/360 ní ọdún 1964. Irú rẹ̀ kan, Model 67, ni Michigan yàn, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè máa lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1967, ṣùgbọ́n TSS/360, ètò tí ó yẹ kí ó darí rẹ̀, kò tíì gún régé. Ẹṣin dé, ìjánu kò dé. Àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì náà kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n ṣe ètò tiwọn, MTS, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún kan náà.

Fred Brooks, tí ó darí iṣẹ́ OS/360, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975 pé fífi òṣìṣẹ́ kún iṣẹ́ ètò tí ó ti falẹ̀ a tún máa mú un falẹ̀ sí i, nítorí pé àwọn ẹni tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀.

Ó yẹ, nígbà náà, kí 'ẹ̀rọ' dúró fún ohun àfojúrí, kí 'ètò' sì dúró fún àkójọ àṣẹ. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò béèrè ọjọ́ méjì lọ́wọ́ olùtajà, kì í ṣe ẹyọ kan.