Ẹ Mú Ìyàwó Yín Jáde ní Sátidé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó lọ jìnnà. Nígbà wo ni ẹ̀yin àti ìyàwó yín jọ jáde kẹ́yìn, tí kì í ṣe ibi fìdáù, tí kì í ṣe ibi yìgì tàbí ìsọmọlórúkọ, tí kò sì jẹ́ pé ọmọ ni ẹ ń gbé lọ sí ọsibítù?

Ìyàwó mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, n kò sì rí èsì fọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ìbejì wa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú mìíràn, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. A jẹun tán, a ń wo ara wa bí àlejò méjì tí wọ́n pàdé ní gáréèjì. Owó ilé-ìwé, owó iná, owó ọjà, ìwọ̀nyí ni a ti ń bá ara wa sọ láti ọdún yìí wá. Bí wọ́n ti tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Èlùbọ́ ni ó ń tà ní Ọjà Ọba, èmi sì jẹ́ tíṣà. Bí òun bá dé láti ọjà, èmi a máa máàkì ìwé àwọn ọmọ. Bí mo bá máàkì tán, òun a ti sùn. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ogún ọdún ó lé ni mo ti wà nílé yín. Ẹ ò tíì mú mi dé ibì kankan tí kì í ṣe pé wọ́n pè wá."

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí. Yóò ní ìgbafẹ́ jẹ́ iṣẹ́ àwọn olówó. Pé ọkùnrin tí ó bá ń mú ìyàwó rẹ̀ rìn kiri láìnídìí, àwọn ará àdúgbò yóò ní obìnrin náà ti fún un ní ohun jẹ. Ní Ìlọrin wa yìí ẹ̀wẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá síwájú. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ lọ bi ààfáà rẹ̀ léèrè nípa hádíìsì kan tí ó wà nínú ìwé Abu Dawud. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyàwó rẹ̀ Áíṣà sáré ìje nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu ìrìn àjò. Áíṣà ló kọ́kọ́ borí. Nígbà tí ó yá, tí Áíṣà ti sanra, wọ́n tún sáré, Ànábì sì borí, ó ní èyí ni òun fi san ti ìjọ́sí. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ iyì ara rẹ̀ ju Ànábì lọ, èmi kò ní bá a jiyàn.

Ní ti owó, owó ọkọ̀ ni, àti oúnjẹ tí ẹ ó dì láti ilé. Bí ẹ bá ra wàrà díẹ̀ kún un lọ́nà, kò ba nǹkan jẹ́.

Sátidé àkọ́kọ́, Òkè Sóbì ni a lọ. Òkè náà ló ga jù ní Ìlọrin. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400 mítà sókè ju ojú òkun lọ, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má bà yín lẹ́rù, nítorí ìlú fúnra rẹ̀ ti wà lórí ilẹ̀ gíga. Ohun tí ẹsẹ̀ yín yóò gùn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn àgbà a máa sọ pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń sá sí nígbà ogun. Bárékè àwọn sójà wà nítòsí òkè náà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ ọ̀nà tí ó tọ́ láti gbà, ẹ má sì ya fọ́tò ohun tí kò kàn yín. A kírun Àsùbá tán, a wọ Márúwá, nígbà tí oòrùn fi máa ràn, a ti wà ní ìsàlẹ̀ òkè.

Mo rò pé èmi ni n ó máa fà á lọ́wọ́. Irọ́ ni. Obìnrin tí ó ti ń gbé àpò èlùbọ́ láti ọjọ́ yìí wá, òkè wo ni yóò bà á lẹ́rù? Kí n tó dé ìdajì, ó ti jókòó sórí àpáta lókè, ó ń fi ìborùn fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ wá pọ̀n yín ni?" Mo rántí Áíṣà, mo pa ẹnu mi mọ́.

Láti orí òkè, ẹ ó rí ìlú tẹ́ rẹrẹ: àwọn páànù tí ó ti dípẹtà, àwọn mọ́ṣáláṣí lọ́tùn-ún lósì, àti àfonífojì Odò Àsà tí ó pín Ìlọrin sí méjì. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti nawọ́ sí apá ibi tí yàrá kan ṣoṣo tí a kọ́kọ́ gbé wà, ó sì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi. Ó ní ní ọdún kẹta ìgbéyàwó wa, òun ti di ẹrù òun tán láti padà sílé bàbá òun. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹrù náà fi wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa, tí mo ń jáde tí mo ń wọlé, tí n kò fura. Ìdí rẹ̀ ni pé mo ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò mi, mo sì ń sọ fún un pé kò sí owó nílé. Kì í ṣe owó náà ló dùn ún, ó ní irọ́ náà ni.

Bí ó bá jẹ́ nínú ilé ni ó ti sọ ọ́, ìjà ni ìbá dà. N bá ní kí ló dé tí ó fi ń gbẹ́ ohun tí ó ti jinlẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n èémí mi kò tíì balẹ̀ láti ọ̀nà òkè, n kò lágbára ìjà. Mo kàn jókòó tì í. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo ní kí ó má bínú. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ìrìn yìí kì í ṣe eré lásán.

Ẹ̀yin oníṣòwò lè ní Sátidé gan-an ni ọjà ń yá. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà mọ̀. Ẹ fi ọmọ iṣẹ́ jókòó ti ọjà títí di ọ̀sán, tàbí kí ẹ mú ọjọ́ Sọ́ńdè. Kò pọn dandan kí ẹ lọ jìnnà pẹ̀lú. Ìdí-Àpé wà nínú ìlú, níbi tí òkúta tí wọ́n ní wọ́n ń lọ irin sí lójoojọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó wà, tí ìtàn sọ pé láti ara rẹ̀ ni orúkọ Ìlọrin ti wá. Mélòó nínú wa tí a bí sí ìlú yìí ló ti fi ojú rí i? Òkèlele náà wà, níbi tí àwọn ìyá ti ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò amọ̀ láti ìran dé ìran. Ìyàwó mi ra ìkòkò kan níbẹ̀, omi inú rẹ̀ tutù ju ti fìríìjì lọ ní ọjọ́ tí kò bá sí iná, èyí tí í ṣe ọjọ́ púpọ̀.

Ibi tí ó wù mí láti sọ̀rọ̀ lé lórí jù ni Èsìẹ́. Ẹ ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ ó gba Òrò, ẹ ó sì débẹ̀. Èèyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i. Jọ́ọ̀sì kò ní tirẹ̀ títí di 1952, Èkó di 1957. Ère òkúta ló kún inú rẹ̀, wọ́n lé ní 1,000, òkúta tí ó rọ̀ tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ ni wọ́n sì fi gbẹ́ wọn. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń tọ́jú wọn, wọ́n ti ń ṣọdún wọn tipẹ́tipẹ́, kí H. G. Ramshaw, tí í ṣe aláyẹ̀wò ilé-ìwé fún ìjọ C.M.S., tó ròyìn wọn fún àwọn òyìnbó ní 1933. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi: iṣẹ́ ilé-ìwé ló gbé e débẹ̀. Ta ni ó gbẹ́ àwọn ère náà? Àwọn onímọ̀ ti wádìí títí, kò sí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, àwọn mìíràn ní ilà lójú. Ìyàwó mi kò wo idà, irun orí wọn ló ń wò. Ó dúró níwájú ère kan pẹ́ títí, ó ń fi ìka tọ́ka láìfọwọ́kàn án, ó ní irú irun yìí, ìyá ìyá òun mọ̀ ọ́n dì. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò ni gbogbo wọn, tí wọ́n yí padà di òkúta. Nígbà tí a gbọ́ èyí tán, ìyàwó mi yí ojú sí mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò rí i? Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni wọ́n ti jọ jókòó, tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bíi tiwa lálẹ́ ọjọ́sí ni." Ẹ̀rín pa ẹni tí ń mú wa kiri tó bẹ́ẹ̀ tí ó gbàgbé ohun tí ó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Lẹ́yìn Èsìẹ́, orí mi wú. Mo ní Sátidé tí ó kàn, ìtàkùrọ̀ omi Òwu ni a ó lọ, ní Ọ̀wá-Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta gíga tí wọ́n ní ó tó 330 ẹsẹ̀ bàtà. Àwọn kan ní kò sí èyí tí ó ga tó o ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Mo ti fi ìyẹn yangàn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilé-ìwé. Ìyàwó mi ní òun kò lọ. Ó ní òun ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kó èlùbọ́ wá láti apá ibẹ̀, wọ́n sì ní oko àwọn gan-an, àwọn kì í dá lọ mọ́. Mo bínú. Mo bi í pé ta ni ọkọ nínú èmi àti òun. Ọjọ́ méjì ni a fi wà tí a kò sọ̀rọ̀, bí ère Èsìẹ́ lóòótọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ti rí. Ní ọdún 2025, ìjínigbé àti ìkọlù àwọn agbébọn da Ìfẹ́lódùn àti ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Kwara láàmú, àwọn ènìyàn kú, àwọn mìíràn san owó ìtúsílẹ̀. Mo jókòó, mo ro ó wò: bí wọ́n bá mú wa, àwọn ìbejì ni yóò máa tọrọ owó kiri. Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba, ní ojú àwọn oníbàárà, mo ní òun ló tọ̀nà. Ìyẹn ṣòro ju Sóbì lọ. Láti ìgbà náà, òun ni ó ń béèrè ọ̀nà fún wa. Bí àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́jà tí ń ná ọ̀nà náà bá ní kí a má lọ, a kì í lọ, ibi yòówù kí ó jẹ́. A kì í sì í jẹ́ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá wa ní oko olóko. Òwu kò ní sá lọ.

Jẹ́bà ni a lọ dípò rẹ̀, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ìlọrin. Òun béèrè ọ̀nà, wọ́n ní kò séwu, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún un pé ihò inú títì náà lè gbé màlúù mì. Láti Bódè Sáàdú lọ, ẹ̀yìn tírélà ni a wà. Ìgbà tí a rí odò, mo gbàgbé gbogbo rẹ̀. Ọya ni àwa Yorùbá ń pè é, orúkọ ìyàwó Ṣàngó tí wọ́n ní ó wọlẹ̀ ní Ìrá, nítòsí Ọ̀ffà. Àpáta kan dá dúró gìrìwò láàárín omi. Mo ṣe tíṣà díẹ̀ níbẹ̀: mo fi ọ̀wọ̀n ìrántí Mungo Park àti Richard Lander hàn án, mo sọ bí Park ti kú sínú odò náà ní Bùsà ní 1806, àti bí Lander àti àbúrò rẹ̀ ti gba orí omi náà dé òkun ní 1830. Mo fi afárá rélùwéè hàn án, tí wọ́n ṣí ní 1916. Kí ó tó di ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹja." Mo jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí kan gbáko, mo ń wo bí ó ti ń ná ẹja gbígbẹ mọ́ àwọn obìnrin Nupe lọ́wọ́, tí òun kò gbọ́ èdè wọn, tí àwọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀, tí gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Apẹ̀rẹ̀ kan ni ó gbé bọ̀, orí ẹsẹ̀ mi ni ó sì gbé e lé nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìlọrin.

Nígbà tí a délé, kí n tó wẹ̀ tán, ó ti ta ìdajì ẹja náà fún àwọn aládùúgbò. Owó ọkọ̀ wa lálọ àti lábọ̀ ti wọlé padà. Ó ní Ìrá ló kàn, òun sì ti ń béèrè ọ̀nà.