Àyípadà Ojú Ọjọ́: Ohun tí Ó Yé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti Èyí tí Ó Rú Wọn Lójú

Ṣàṣà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí kò tíì gbọ́ nípa àyípadà ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìbòrí ozone ti lu. Àṣìṣe ni èyí, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ tiwa nìkan.

Ìbòrí ozone ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Láti ọdún 1987 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan ní Montreal láti dín àwọn kẹ́míkà tó ń lù ú kù. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń mú ayé gbóná. Bí a bá ń jó epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì, carbon dioxide ń kó jọ sí òfurufú, ó sì ń dá ooru dúró, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi kùbùsù bora lọ́sàn-án. Kí ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó gbòde, nǹkan bí 280 ni ìwọ̀n rẹ̀ nínú mílíọ̀nù kan. Ní báyìí, ó ti kọjá 420. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ náà ru ihò ozone kò ní rí ohun tó kan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ti yìnyín tó ń yọ́ lókèèrè. Kí wọ́n bi àwọn tó wà ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Òjò ọjọ́ náà pa ènìyàn tó lé ní 100, ó wó afárá, omi sì ya wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. A kò sọ pé àyípadà ojú ọjọ́ nìkan ló fà á o: Ògùnpa ti ṣọṣẹ́ ní ọdún 1980, ìdọ̀tí tí à ń dà sódò àti ilé tí à ń kọ́ sí ojú ọ̀nà omi sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó lè gbé ń pọ̀ sí i. Nígbà tó bá sì dà á sílẹ̀, gọ́tà tó ti dí kò lè gbà á.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ilé gbé lẹ́yìn ọgbà tó san owó, kí ó bi àwọn aládùúgbò bí omi ṣe máa ń ga tó lára ògiri ní oṣù Kẹsàn-án.