Tẹsalóníkà: Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Àlejò

Ìlú tí wọ́n ń pè ní Thessaloniki lóde òní ni Bíbélì Yorùbá pè ní Tẹsalóníkà, ìlú àwọn tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà méjì sí. Etí òkun ló wà, lápá àríwá ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn tó ń lọ lo ọlidé níbẹ̀ á ya fọ́tò lẹ́bàá Ilé Ìṣọ́ Funfun tó wà létí omi, wọ́n á jẹ ẹja, wọ́n á padà sílé. Kò burú. Àmọ́ lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìlú yìí, ilẹ̀ tó ń tẹ̀ ló yẹ kó máa wò. Kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọdún 2006 ni iṣẹ́ ọ̀hún bẹ̀rẹ̀, oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni ọkọ̀ náà tó gbéra. Lára ohun tó fa ìdádúró ni pé ohun àtijọ́ ń jáde níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́lẹ̀. Ní ibùdókọ̀ Venizelou, wọ́n kan títì ayé ọjọ́un tí wọ́n fi òkúta mábù tẹ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ìjọba tú u, wọ́n sì tún un tò síbẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ni èrò ọkọ̀ ń rí bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Bí wọ́n bá lè ṣe irú sùúrù yìí nítorí òkúta ojú títì, òkúta ojú oórì ńkọ́? Nígbà tí Sípéènì lé àwọn Júù ní 1492, ọ̀pọ̀ wọn wá fìdí kalẹ̀ sí Tẹsalóníkà lábẹ́ ìjọba Ottoman. Wọ́n pọ̀ débi pé láyé ìgbà yẹn, èbúté kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wọn. Ní 1943, ìjọba Násì ti Jámánì kó èyí tó lé ní 45,000 lára àwọn Júù ìlú náà lọ sí àgọ́ ìpakúpa Auschwitz. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà wálé. Àmọ́ kí wọ́n tó kó àwọn alààyè ni wọ́n ti kọ lu àwọn òkú: oṣù Kejìlá 1942 ni wọ́n wó itẹ́ òkú àwọn Júù, tí sàréè ibẹ̀ ju 300,000 lọ. Wọ́n fi òkúta tí orúkọ bàbá àti ìyá onílé wà lára rẹ̀ mọ ògiri, wọ́n fi tẹ́ àgbàlá. Yunifásítì Aristotle ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí.

Ẹnì kan lè sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ Jámánì nìyẹn. Òótọ́ ni pé àwọn ló fàṣẹ sí i, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìlú ti ń wá ilẹ̀ náà ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ló sì wó o. Ẹlòmíì á ní ìsinmi lòun wá ṣe, òun ò wá ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n òkun ò ní gbẹ torí pé èèyàn yà sí ibi ìrántí itẹ́ òkú náà tí wọ́n ṣí sínú yunifásítì ní 2014. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan hàn kò ní àwáwí mọ́. Láti Ilé Ìṣọ́ Funfun, ẹsẹ̀ lèèyàn ń rìn dé ibi ìrántí náà. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù náà kò jìnnà: nísàlẹ̀ ilé, díẹ̀ lára àwọn òkúta ọ̀hún wà níbẹ̀, lẹ́tà Hébérù ṣì hàn lára wọn ketekete.