Yúnyún kọ́ nìyẹn o! Ẹ wo ewé kẹ́ ẹ tó já a

Àdá ṣá bàbá kan lẹ́sẹ̀ lóko, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, wọ́n ní kí ọmọ sáré já yúnyún wá. Ọmọ rí òdòdó tó pọ́n bí ìyeyè lẹ́bàá títì, ó já ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó délé tán, jogbo ló já! Ẹ má bá ọmọ wí. Ìbátan ni ewé méjèèjì, òdòdó wọn ló sì ń tan èèyàn.

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni yúnyún. Ewé rẹ̀ kì í pín. Ó gùn, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu, méjì méjì ló ń kọjú síra wọn lára igi. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, ó ń họni lọ́wọ́. Òdòdó rẹ̀ kéré. Òun làwọn àgbà fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, òun náà lehoro ń jẹ.

Jogbo ńkọ́? Mẹ́síkò ló ti wá. Ó lè ga tó mítà 3, òdòdó rẹ̀ sì lè tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lewé rẹ̀ ń yọ, ó sì sábà pín sí ìka 3 tàbí 5. Ó korò! Àwọn kan ń sè é mu fún ibà, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe lára eku fi hàn pé ó lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ajílẹ̀ oko.

Nítorí náà, ẹ má wo òdòdó, ewé ni kẹ́ ẹ wò. Bí ọgbẹ́ bá sì jìn, ọsibítù ni kẹ́ ẹ sáré gbà lọ o!