Ẹyọ Mẹ́fà Péré Nínú Àwo!

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Modena, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní 1995, Massimo Bottura ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀. Tortellini ni oúnjẹ ìlú náà: ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé ẹran, tí kò tóbi ju ìdodo ọmọdé lọ. Àwo kíkún ni àwọn ìyá àgbà í bù ú. Ẹyọ mẹ́fà péré ni Bottura gbé síwájú ẹni, kí wọ́n lè tọ́ ọ wò lẹ́yọ lẹ́yọ! Inú bí àwọn ará ìlú. Àwọn mìíràn ní adùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Bottura kò yẹsẹ̀. Ní 2016 àti 2018, ilé oúnjẹ rẹ̀ ló ṣe èkíní nínú àádọ́ta tí wọ́n kà sí èyí tó dára jù láyé. Ọlọ́jà, bí oníbàárà kan bá bú ọjà rẹ, má tíì palẹ̀ ìsọ̀ mọ́.