Òkun Kan Kì í Gbóná Bí Òmíràn, Kì í sì í Ga Bí Òmíràn

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àjọ NASA kéde pé òkun àgbáyé fi sẹ̀ǹtímítà 0.59 ga sí i láàárín ọdún 2024, dípò 0.43 tí wọ́n ń retí. Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀. Ìgbóná òkun ni wọ́n sì ní ó kó ipa tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àjàṣẹ́ gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òkun ṣe gòkè sí wa lára. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n àárín ni 0.59. Bí ẹ bá da òjò Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti Kétu, tí ẹ pín in sí méjì, iye tó jáde kì í ṣe òjò tó rọ̀ sórí òrùlé ẹnikẹ́ni.

Ojú òkun kò tẹ́jú. Ní Pàsífíìkì, ẹ̀fúùfù a máa kó omi gbígbóná lọ sí ìhà Indonéṣíà, tó fi jẹ́ pé òkun ibẹ̀ fi bí ìdajì mítà ga ju ti etíkun Peru lọ. Ìgbóná pàápàá kì í fẹ omi dọ́gba. Bí omi ilẹ̀ olóoru tó jìn ní 100 mítà bá fi 1°C gbóná sí i, yóò ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 3. Omi tó wà lẹ́bàá yìnyín kò ní ga tó ìdá mẹ́ta ìyẹn.

Tiwa gan-an ló yà mí lẹ́nu jù. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, òkun láti Côte d'Ivoire, Gánà àti Tógò títí dé ọ̀dọ̀ wa a máa tutù, a sì máa rẹlẹ̀. Omi tó gbóná tó 28 tàbí 29°C lóṣù Kẹrin lè wálẹ̀ sí bí 25°C. Ti Gánà tilẹ̀ máa ń tutù ju tiwa lọ. Ẹ dúró létíkun Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ kọjú sí Èkó: ọwọ́ ọ̀tún yín ni òkun wà. Ọ̀nà tí ẹ kọjú sí yẹn náà ni omi òkun tí wọ́n ń pè ní ìṣàn Gínì ń ṣàn gbà, ó sì máa ń le sí i ní àkókò yìí. Yíyí tí ayé ń yí a máa fa omi tó ń ṣàn ní ìhà àríwá ayé sí ọwọ́ ọ̀tún. Omi gbígbóná tó wà lókè a wá fà kúrò létí ilẹ̀, ojú òkun a rẹlẹ̀, omi tútù ìsàlẹ̀ a sì ru gòkè. Oúnjẹ ẹja ló ń gbé bọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹja ṣàwá fi máa ń pọ̀ ní Gánà lásìkò náà. Òtútù yìí tún wà lára ohun tó ń mú òjò dáwọ́ dúró lóṣù Kẹjọ.

Ìrẹ̀sílẹ̀ ọdọọdún yìí ju 0.59 lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ẹni tó bá wo òkun lóṣù Kẹjọ nìkan lè ní kò sí ohun tó ń ga. Ṣùgbọ́n láti 1993 tí sátẹ́láìtì ti ń wọn òkun, àpapọ̀ rẹ̀ ti fi bí sẹ̀ǹtímítà 10 gòkè. Òkun ṣì ń lọ sókè sódò bó ti ń ṣe, àmọ́ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ló ń ga.

Yàtọ̀ sí ìṣàn Gínì, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ohun mìíràn tó ń ru omi tútù náà sókè. Àwọn kan ní ẹ̀fúùfù etíkun ni. Àwọn mìíràn ní ìgbì abẹ́ omi tó ń ti ìlà agbedeméjì ayé wá ni. Lójú tèmi, ó jọ pé àwọn méjèèjì lọ́wọ́ sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé bí ìrusókè yìí bá rọ̀ bí ayé ṣe ń gbóná, ẹja àti òjò wa ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru òkun tó ń ga. Ní ìlà-oòrùn Kútọnu tí omi ti jẹ ilẹ̀, èbúté tí wọ́n kọ́ láwọn ọdún 1960 ló dí iyanrìn tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ fẹ̀yìn tì, kì í ṣe òkun. Ṣùgbọ́n láti 1885 tí wọ́n ti la ọ̀nà omi ní Kútọnu, ọ̀sà wa ti ní ilẹ̀kùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ a gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, ibẹ̀ náà ni ìkún omi ń wá gbà jáde. Bí òkun bá ga lẹ́nu ilẹ̀kùn, omi yóò pẹ́ nínú ilé wa. Nítorí náà, yàtọ̀ sí iye ti gbogbo ayé, ó yẹ kí a máa kéde gíga omi lẹ́nu ọ̀nà Kútọnu lóṣooṣù, lédè tí apẹja àti onílé létí ọ̀sà gbọ́.