Ọyẹ́ Kì í Ṣe Ọ̀rẹ́ Wẹ́dà
Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún wẹ́dà ní Òmù-Àrán nígbà ọyẹ́, kó wò ó bóyá páànù ká ibi iṣẹ́. Wẹ́dà yóò fi ẹnu ọ̀pá ẹlẹ́kitiródù kan irin, yóò fà á sẹ́yìn díẹ̀. Afẹ́fẹ́ àárín wọn yóò gbóná kọjá 5,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yóò fọ́, iná mànàmáná yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀pá náà a máa yọ́. Ohun tí wọ́n fi bò ó lára a máa jó di èéfín tó ń ṣíji bo irin yíyọ́. Bí ọyẹ́ bá gbá èéfín yìí lọ, afẹ́fẹ́ yóò ráyè wọnú irin, ihò wẹ́wẹ́ yóò sì kù síbẹ̀. Irin fèrèsé lè fara dà á. Irin tó gbé táǹkì omi ńkọ́?